Bẹ́líìtì Tí Mo Fi Òrí Pa Lára

Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn òrí tó ń yọ́ lórí iná, kì í ṣe oúnjẹ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Mọ́tò ni. Mọ́tò kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi tí wọ́n ti fi fọ aṣọ, tó ń rú èéfín díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí èmi sì jókòó sídìí sítíárìn, mo gbé àyà síta bíi mínísítà, láìmọ̀ pé èmi gan-an ni mo ń dín ẹ́ńjìnnì náà bí ẹni ń dín àkàrà.

Nígbà yẹn, mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ kó bá òótọ́ mu: ilé ìwé ló fi mí sílẹ̀. Kíláàsì troisième, ọdún kẹrin ní girama, ni mo wà, mo sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn tíṣà tuntun máa ń kí mi bí ẹni kí tíṣà ẹlẹgbẹ́ wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá mi, ọ̀gá ilé ìwé sọ Faransé títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá mi, tí Faransé rẹ̀ kò ju èyí tí wọ́n fi ń ná ọjà lọ, ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń dáhùn pé "oui, d'accord," ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Bí wọ́n ṣe lé mi nìyẹn, tí bàbá mi sì bọ ọ̀gá náà lọ́wọ́, tó dúpẹ́ gan-an. Ìgbà tí a délé ni mo ṣàlàyé fún un. Mi ò sì ṣàlàyé tán.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí kò mọ̀ ju Peugeot 504 lọ. Mi ò pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé tí oníbàárà bá ń sọ̀rọ̀, kí n máa mi orí, kí n sì máa fi àkísà nu ọwọ́, bí ọwọ́ náà bá tiẹ̀ mọ́. Ìyẹn nìkan tó fún àwọn Yorùbá tó wà ní Bilbalogo, àdúgbò wa ní Ouagadougou, láti máa pè mí ní mẹkáníìkì. Èmi náà gbà á. Ta ni kò ní gbà?

Ẹni tó gbà mí sílé ni àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Tantí. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, àǹkárá ló sì ń tà ní Rood Woko, ọjà ńlá ìlú náà. Ìgbà náà ni Révolution dé, àwọn ọmọ ogun gba ìjọba. Ìjọba ní àwọn máa tún ọjà ńlá náà kọ́, wọ́n wó o, ìsọ̀ Tantí bá a lọ. Wọ́n tún ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì bọ́ kóòtù sílẹ̀, kí wọ́n máa wọ dan fani, aṣọ òwú tí àwọn obìnrin ilẹ̀ yẹn ń fọwọ́ hun, tó jọ òfì wa bí ọmọ ìyá. Bí àǹkárá Tantí ṣe di ohun tí wọn ò yà wò mọ́ nìyẹn. Mo rò pé á sunkún. Ó jókòó sórí àpò aṣọ rẹ̀ láàárín ilé, ó ń fi ìyẹ́ adìẹ họ etí. Nígbà tó yá, ó ní, "Aṣọ híhun náà ni wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù ba ọmọ Ìṣẹ́yìn?" Ó kó gbogbo àǹkárá náà tà fún àwọn tó ń lọ sí Abidjan, ó fi ra mọ́tò àlòkù kan tó gba Cotonou wọlé, kí a lè máa lọ gbé dan fani lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń hun ún ní ọ̀nà Kaya. Èmi ni dírẹ́bà. Kò sí ẹlòmíràn nínú ẹbí tí kò níṣẹ́ tó mi.

Mọ́tò náà kì í ṣe Peugeot, ará Ítálì ni, èmi kò sì rí irú rẹ̀ rí. Ìyẹn ò dí mi lọ́wọ́ láti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí n máa mi orí. Ṣùgbọ́n Tantí ní kí Bọ̀dá Kossodo bá òun wò ó. Ọmọ Nàìjíríà ni Bọ̀dá, ó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Kossodo, ní ẹ̀gbẹ́ ìlú lójú ọ̀nà Kaya, òun náà ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ariwo rẹ̀ ju ti ẹ́ńjìnnì lọ, kì í sì í fọwọ́ kan irinṣẹ́ láì kọ́kọ́ jẹun. Ó jẹ ìrẹsì Tantí tán, ó tú ike kan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó fi bẹ́líìtì dúdú kan hàn wá, tó ní eyín nínú bíi ayùn. Ó ní òun ló ń jẹ́ kí irin òkè àti irin ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì máa rìn pọ̀ láìkọlu ara wọn. Nínú Peugeot tí èmi mọ̀, ṣéènì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ṣéènì tó bá sì ti gbó á máa pariwo kí gbogbo àdúgbò tó mọ̀. Eléyìí, rọ́bà ni, kì í pariwo. Ọjọ́ tó bá wù ú ló máa já, tó bá sì já, irin á gbá irin, ẹ́ńjìnnì á kú síbẹ̀. Ó ní ọjọ́ orí bẹ́líìtì náà àti bí mọ́tò bá ṣe rìn jìnnà tó ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá wá ra mọ́tò àlòkù, tí kò mọ ọ̀kan nínú méjèèjì, kó pààrọ̀ rẹ̀ kó tó gbé mọ́tò náà jáde nílùú. Ó fi èékánná tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ fún wa, ó ti là wẹ́wẹ́ bíi gìgísẹ̀ ẹni tó ń rìn láì wọ bàtà.

Irú bẹ́líìtì náà kò sí ní Ouaga, Bọ̀dá ní láti ránṣẹ́ sí Lomé. Nígbà tó dé, ó fi í lé Tantí lọ́wọ́, ó ní kí n gbé mọ́tò wá sí Kossodo kí òun bá wa wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀.

Tantí gbé bẹ́líìtì tuntun náà sójú oòrùn, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe máa ń yẹ aṣọ wò. Obìnrin tí kì í ju àjákù aṣọ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ dànù ni. Ó bi mí bóyá ti tẹ́lẹ̀ ti já. Mo ní kò tíì já. Ó ní kí ló wá dé tí a fẹ́ yọ ohun tí kò tíì já sọnù. Mo lè tún ọ̀rọ̀ Bọ̀dá sọ fún un bó ṣe sọ ọ́. Dípò ìyẹn, mo wá àkísà, mo nu ọwọ́, mo mi orí. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni ń yọ táyà tó ṣì ń yí dànù nítorí pé òmíràn wà nínú búùtù. Ó ronú sí i, ó ní ọ̀rọ̀ mi mọ́gbọ́n dání. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, inú mi dùn débi pé mo tún ọ̀rọ̀ táyà náà sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. A fi ọ̀rá we bẹ́líìtì tuntun bí ẹni we ẹran, a tọ́jú rẹ̀ sínú búùtù, pé ọjọ́ tí ti tẹ́lẹ̀ bá já, a ó fi òun rọ́pò rẹ̀. Pé tó bá já kò ní sí ẹ́ńjìnnì tí a máa wọ̀ ọ́ sí mọ́, ìyẹn kò wá sí mi lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n lílà yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Ètè gbogbo ayé là, ilẹ̀kùn là, ìyá ọlọ́mọ kò lè jáde láì fi òrí pa ọmọ rẹ̀ lára láti orí dé ẹsẹ̀. Tantí ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀, awọ ni bẹ́líìtì tirẹ̀, tí ọyẹ́ bá sì ti gbẹ ẹ́, òrí ni Tantí máa ń fi pa á, á rọ̀, á máa yí lọ. Mo wo ìyẹn, mo wo gìgísẹ̀ ara mi, mo wo mọ́tò. Ẹ ò rí i pé mo ronú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé igbá òrí, mo tú ike náà, mo sì pa bẹ́líìtì náà lára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mò ń fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ kí n má bàa fo ibì kan. Mo fi ìka ra á sí àárín eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìyá ìkókó ṣe máa ń ṣe abíyá ọmọ. Ó dán. Gbogbo lílà náà pòórá. Mo pe Tantí, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní ó ti dà bíi tuntun, a jọ dúró síbẹ̀ à ń wò ó bí àwọn tó gbọ́n. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti fọ ojú, màá fi òrí pa bẹ́líìtì kí n tó fi pa ara mi. Àwọn ọmọdé Bilbalogo ń sá tẹ̀lé mọ́tò, wọ́n ń bi mí bóyá àkàrà náà ti jinná.

Báyìí ni iṣẹ́ ńlá kan ṣe já sọ́wọ́ Tantí. Àwọn obìnrin ọ́fíìsì ìjọba kan ní àwọn fẹ́ wọ dan fani kan náà lọ síbi ìwọ́de ọjọ́ Sátidé. Wọ́n yan ìlà rẹ̀ fúnra wọn, pupa, àwọ̀ ewé, àti yẹ́lò tó ń dun ojú, irú aṣọ tí ẹlòmíràn ò lè rà láéláé. Tí kò bá dé ọwọ́ wọn ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á ra dan fani mìíràn lọ́wọ́ obìnrin tó ti ní tirẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo ohun tó kù lọ́wọ́ Tantí ló ti kó fún àwọn ahunṣọ. Ó sọ fún bàbá mi létí mi pé tí èyí bá bọ́, òun máa padà sí Ìṣẹ́yìn, kí òun lọ máa gbé nílé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun, níbi tí wọ́n ti ń retí láti ọjọ́ yìí pé kí òun wá kábàámọ̀. Kò sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàwàdà.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà la lọ. A gbé aṣọ, mọ́tò kún débi pé mi ò rí ẹ̀yìn mọ́. Bí a ṣe ń padà bọ̀, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mo ní ọyẹ́ ni. Agbára rẹ̀ ń dín kù, mo tẹ iná, kò dáhùn bó ṣe yẹ. Mo ní epo bẹntiróòlù tí wọ́n tà fún wa ni. Èéfín wá ń wọlé bá wa, pẹ̀lú òórùn bíi ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìsọmọlórúkọ. Tantí ní ebi ń pa òun. Bí a ṣe dé ibi tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣọ́ Révolution ta okùn sí lójú ọ̀nà nìyẹn.

Ọ̀gá wọn jẹ́ ọmọbìnrin kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, kò lè jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ó sì lẹ́wà, èyí ló ba gbogbo nǹkan jẹ́ fún mi. Ó fa imú. Ó bi wá ní Mooré, èdè àwọn ará ibẹ̀, pé kí là ń sè. Mo ní a ò se nǹkan kan. Ó ní irọ́ ni, a kó òrí pamọ́ sábẹ́ aṣọ, a fẹ́ gba ẹ̀bùrú gbé e wọ ìlú. Wọ́n kó gbogbo aṣọ Tantí sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ìdì kan lẹ́yìn òmíràn. Wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, èéfín tú jáde, ó sì hàn gbangba pé inú ike yẹn ló ti ń wá. Ó ní kí n tú u, kí òun rí ibi tí mo kó o sí. Mo tú u pẹ̀lú ìgbéraga, nítorí pé òun nìkan ni mo mọ̀ ọ́n tú.

Bẹ́líìtì náà ti wú, ó ti rọ̀ bí iyán àná tí wọ́n gbé sínú omi. Eyín rẹ̀ ti ré kúrò níbi púpọ̀, ó fi erìgì hàn wá bíi bàbá arúgbó. Òrí ń kán bọ́ láti ara rẹ̀ sórí irin gbígbóná, ó ń ta páá páá.

Ọmọbìnrin náà wò ó, ó wò mí, ó pè mí bí àwọn ará Révolution ṣe ń pe ara wọn. "Camarade, ta ló fi òrí pa á?"

"Ọyẹ́ ni," ni mo sọ.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan nínú wọn fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, kó lè dà bíi pé mo wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Tantí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, mo lọ sí búùtù, mo yọ bẹ́líìtì tuntun nínú ọ̀rá rẹ̀, mo gbé e sókè. Àwọn ọ̀dọ́ náà pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan ti ń bá mi gbé sípánà dání. Ọmọbìnrin yẹn gbé ìbọn sílẹ̀, ó súnmọ́ mi kó lè rí i dáadáa. Mo wá àkísà, mo nu ọwọ́.

Bọ̀dá ti sọ fún mi pé àmì wà lókè, àmì wà nísàlẹ̀, ẹni tó bá fi eyín mélòó kan ṣi í, tó wá tẹ ẹ́ńjìnnì, ó ti pa á. Mo rí àwọn àmì náà. Wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rántí lọ. Mi ò mọ èwo ló ń bá èwo sọ̀rọ̀. Lójú mi, kò sí ohun tó burú tó kí n sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ọmọbìnrin yìí, kódà kí ẹ́ńjìnnì kú. Mo ti fi sípánà lé irin.

Tantí wá dúró láàárín èmi àti mọ́tò. Kò gbé ohùn sókè. Yorùbá ló fi bá mi sọ̀rọ̀, kí àwọn tó kù má bàa gbọ́.

"Aṣọ tó wà nílẹ̀ yẹn ni mo ní láyé. Mọ́tò yìí ni mo ní láyé. Mi ò ní bá ọ jà. Ṣé o mọ̀ ọ́n wọ̀?"

Mo wo ilẹ̀. Gbogbo àwọn ìdì náà wà lórí iyanrìn, pupa, ewé, yẹ́lò. Mo ní kí a máa wa mọ́tò náà lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bó ṣe wà, ṣebí ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ní kì í ṣe ohun tí òun bi mí nìyẹn.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Tantí."

"Barka," ló sọ, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń dúpẹ́, ó sì yí padà, ó bọ́ sójú ọ̀nà.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé jẹ́ lọ́rì tó kó màlúù lọ síbi tí wọ́n ti ń pa ẹran ní Kossodo. Tantí bá dírẹ́bà rẹ̀ sọ èdè Dioula, ó bá a sọ Mooré, ó tún fi Faransé díẹ̀ kún un. Kò sí àyè níwájú. Àwọn ọ̀dọ́ náà bá a gbé aṣọ sí òkè orí dírẹ́bà, wọ́n fi okùn ọ̀nà wọn dì í. Tantí, ìyá ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó wọ búláòsì tó fún un, gun ẹ̀yìn lọ́rì, ó dúró láàárín màlúù, ó di ìwo ọ̀kan mú kó má bàa ṣubú. Bí wọ́n ṣe ń lọ, ó kígbe sí mi pé ìrẹsì tó kù wà lábẹ́ ìjókòó. Mo rò pé èébú ló máa bù mí. Ìrẹsì ló sọ.

Mo jókòó ti mọ́tò. Ọmọbìnrin náà fún mi lómi, kò sì bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan kọjá pé ó ń fẹ́ mọ̀ bóyá mo máa ń fi òrí pa táyà pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kejì ni Bọ̀dá dé lórí alùpùpù mobylette rẹ̀, Tantí ló ti yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Kossodo láti sọ fún un. Ó jẹ ìrẹsì mi tán kó tó ṣí ẹnu. Ìgbà tó ṣí i, àwọn tó wà níbi okùn sún mọ́ ọn láti wá gbọ́. Lẹ́yìn tó bú mi tán, ó yí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ọwọ́, ó tẹ́tí sí i, ó tún yí i, ó ní bẹ́líìtì ti fo eyín kan péré, irin kò tíì gbá irin. Ó ní tó bá jẹ́ pé bẹ́líìtì náà kò rùn, tí wọn ò dá wa dúró, a ò bá ti pa ẹ́ńjìnnì náà kí a tó rí Kossodo. Mo ní ṣé òrí mi ló wá gbà wá là nìyẹn. Ó gbé sípánà sókè, mo sá. Lẹ́yìn náà ló wọ bẹ́líìtì tuntun náà, a sì wa mọ́tò délé.

Aṣọ náà ti dé ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, bí ọ́fíìsì ṣe fẹ́ tì. Àwọn obìnrin yẹn gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní ó ń rùn bíi màlúù. Tantí ní òórùn àwọn ará oko ni, ó bi wọ́n bóyá àwọn òṣìṣẹ́ Révolution ń sá fún òórùn àwọn ará oko. Wọ́n gbà á.

Ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ báyìí. Ọwọ́ Bọ̀dá ni mo ti ń kọ́ṣẹ́, tó bá jẹ́ pé kíkọ́ ni wọ́n ń pe gbígbọ́ èébú láti àárọ̀ dé alẹ́. Àwọn tó ra mọ́tò àlòkù máa ń wá, wọ́n á ní bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì kò ṣe nǹkan kan, kò pariwo, ṣé kò ní lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Màá ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n á ní mọ́tò àwọn ò tíì rìn jìnnà, màá ní ta ló sọ fún wọn. Wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á rí i pé ọmọdé ni mí, wọ́n á lọ bi Bọ̀dá, Bọ̀dá á sọ ohun kan náà fún wọn, á sì gba ọpẹ́.

Mo ṣì ń wa Tantí lọ sí ọ̀nà Kaya. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Ohun kan ni mo ṣàkíyèsí. Nígbà tí mo máa ń sọ fún gbogbo ayé pé mẹkáníìkì ni mí, kì í sùn nínú mọ́tò tí èmi bá ń wà, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó. Á di ilẹ̀kùn mú, á la ojú sílẹ̀ títí a ó fi délé. Ní báyìí, a kì í tíì kọjá Kossodo tó fi máa ń sùn lọ, tó ń hanrun, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀. Tí a bá dé ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, màá rọra gbà á kọjá.